Ọjọ́ tí a Kó Gbogbo Funfun Pamọ́ ní Aráròmí

Mo ti fi fìlà mú ọkọ̀ òfurufú ogun lójú ọ̀run rí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ṣe é, torí àdá wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mi ò sì fẹ́ kí àdá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá sí Aráròmí-Obù wá béèrè. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í sọ ọ́ kó dùn.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Tíṣà ló ní orí mi ti kún, pé bí òun bá tún rọ nǹkan sí i, á kàn máa dà sílẹ̀ ni. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí i pé ìwé yìí wọ́, ẹ bi tíṣà.

Nǹkan ogun kò ṣàjèjì sílé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ogun abẹ́lé dé Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó kọjá, bàbá mi he akoto irin kan nínú igbó, irú èyí tí àwọn sójà ń dé kí ọta má baà ba orí wọn jẹ́. Ó ń dé e lọ sóko títí tó fi darúgbó, kò sì sí ọta kan tó bà á, àfi kòkó kan tó já lu ú. Nígbà tó kú, akoto di tèmi. Kò pẹ́ tó fi di ti ìyàwó mi, ìyẹn sì ń fi í fún adìẹ lómi.

Ọ̀rẹ́ mi náà ní tirẹ̀. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá, ó wá gba oko kòkó dá lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Bàtà sójà ló ń wọ̀ lọ sóko. Inú òkìtì òkìrìkà ní Ọ̀rẹ̀ ló ti ṣà á, bàtà dúdú tó ga dé ìdajì ojúgun. Ó fẹ́ràn bàtà yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn mi lọ, ó sì sọ ọ́ lójú mi. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e pamọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti nà mí ní dráàfù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sì fẹ́ kó mọ bí ìyà ṣe ń rí. Inú ilé adìẹ mi ni mo tì í sí. Ó wá a, wá a, kò rí i, ló bá wọ sálúbàtà lọ sóko kòkó.

Oòrùn kò tíì gun orí nígbà tó dé. Igi ló ń tì bọ̀.

Ó ní, “Paramọ́lẹ̀ ni. Mo ti pa á. Òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lára mi.”

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ejò náà bù jẹ wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, níbi tí awọ bàtà sójà ì bá bò. Ó ti ń wú. Ojú tì mí débi pé mo bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀. Mo ní, “Bàtà rẹ dà?”

Ó ní, “Ìwọ ni kó o sọ fún mi.”

Mo fi rọ́bà so ẹsẹ̀ rẹ̀ típẹ́típẹ́, mo sì gbé e pọ̀n dé ilé ìtọ́jú wa, èyí tí kò ju yàrá méjì àti nọ́ọ̀sì kan lọ. Nọ́ọ̀sì wo rọ́bà náà.

“Ta ló so ó báyìí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ tú u, bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ kú kí ejò tó rí i pa ni?”

Ó tẹ́ ọ̀rẹ́ mi lé bẹ́ẹ̀dì, ó fi pákó pẹlẹbẹ kan ti ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, ó wá pe Ọ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ejò wà. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, odò ti gbé afárá onípákó lọ, kò sí ọ̀kadà tó lè kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ti wú dé orúnkún nígbà náà. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ náà bá pẹ́, ẹsẹ̀ lè lọ, ẹni tó ni ẹsẹ̀ sì lè bá a lọ.

Ohun tó kù ni dírónù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn kan ti gbé ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wá sí Ọ̀rẹ̀ láti dán an wò. Kò ní awakọ̀ nínú, ẹnì kan ló ń fi ẹ̀rọ darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Wọ́n ti wá bá wa ṣèpàdé nípa rẹ̀ ní Aráròmí. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, “Àwọn ológun ló kọ́kọ́ ṣe ìwádìí irú ọkọ̀ yìí. Wọ́n ń fi í wo ọ̀tá látòkè, wọ́n sì ń fi í ju bọ́ǹbù. Àwa wá rò ó pé ohun tó lè ru bọ́ǹbù, ó lè ru abẹ́rẹ́.”

Mo nawọ́. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pé òun ti fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀?”

Ó ní, “Bàbá, kò ní ọpọlọ. Ẹni tó ń darí ẹ̀ ló ní.”

Mo ní, “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì bá ẹni tó ń darí rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Bàbá, mi ò lè fi ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ kí n jáde. Ẹ lọ tẹ́ aṣọ yìí sí ibi gbalasa. Funfun kan ṣoṣo ni kó rí o. Bó bá rí méjì, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tiwa, igbó ló sì máa jù ú sí.”

Mo jáde. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ẹ rántí pé òjò ọjọ́ márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, oòrùn sì là. Kò sí obìnrin kan ní Aráròmí tí kò sá láfún rẹ̀ lówùúrọ̀ yẹn. Láfún wà lórí páànù, ó wà lórí tapólì, ó wà lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kún orí sìmẹ́ńtì tí a ń sá kòkó sí. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti fọ aṣọ funfun wọn sórí okùn. Bí ẹ bá wo ìlú wa látòkè lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rò pé gbogbo lékeléke ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ló wá bà síbẹ̀.

Mo tẹ́ aṣọ mi sí igun kan tó ṣófo lórí sìmẹ́ńtì náà. Òótọ́ ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀ wọ́n. Mo ní ejò bu ọ̀rẹ́ mi jẹ, mo ní oògùn ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kó láfún wọn wọlé. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹ̀bi mi náà ni, èmi ni mo sọ fún wọn lọ́dún kan pé ẹja gbígbẹ máa rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn kan sì gbé agbọ̀n síta.

Ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n mi olóògbé fi sílẹ̀ ló ni láfún tó pọ̀ jù. Ó ní, “Ọkọ mi, láfún yìí ti ń rùn. Bí mo bá kó o wọlé lónìí, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ tán.”

Mo sáré délé. Mo da omi adìẹ nù, mo dé akoto bàbá mi, mo jáde padà sáàárín ìlú. Omi ń kán sí mi lọ́rùn, àgbàdo adìẹ méjì lẹ̀ mọ́ mi létí, ṣùgbọ́n akoto ni akoto ń jẹ́.

Mo ní, “Ọkọ̀ ogun ló ń bọ̀. Àwọn ará Ọ̀rẹ̀ ló pè. Ohun tó bá ti funfun ló ń ju bọ́ǹbù lù.”

Kí ènìyàn tó jẹ bọ̀ọ̀lì kan tán, Aráròmí ti dúdú. Láfún wọlé. Aṣọ akọrin wọlé. Wọ́n le ewúrẹ́ funfun wọnú ilé ìdáná, wọ́n fi agbọ̀n bo adìẹ. Bàbá kan tó dàgbà jù mí lọ fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé irùngbọ̀n. Mo rìn padà sórí sìmẹ́ńtì tí mo tẹ́ aṣọ mi sí, bí ọ̀gágun tó ṣẹ́gun.

Aṣọ mi kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Ẹ má ṣèyọnu, ọkọ mi. Mo rí i pé ẹ ti gbàgbé tiyín síta. Mo ti bá yín kó o.”

“Níbo lo kó o sí?”

“Inú àgbá epo. Kó má baà funfun mọ́.”

Ó fà á jáde fún mi. Epo pupa ń sun lára rẹ̀ bí ọbẹ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Ó ń kùn bí agbo oyin. Dírónù yọ lókè igi kòkó, ó ń yí po, ó ń yí po. Nọ́ọ̀sì yọ orí lójú fèrèsé, fóònù wà létí rẹ̀.

“Bàbá, ó ní òun ò rí funfun kankan o. Ó ní bátìrì ò ní pẹ́ tán, òun máa tó dá a padà.”

Mo ṣí akoto kúrò lórí. Mo kígbe sí gbogbo ilé pé irọ́ ni mo pa, pé oògùn ló gbé, kí wọ́n kó láfún jáde. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú yàrá, ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ ẹ̀.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wò mí lójú. “Ta lẹ ní ejò bù jẹ?”

Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi.

“Ẹni tó bá mi kan páànù ilé mi lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n yín?”

“Òun ni. Èmi ni mo gbé bàtà ẹ̀ pamọ́.”

Ó fi èdè Ìkálẹ̀ bú mi ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí. Ó wọlé, ó gbé bàsíà láfún jáde, ó dà á lé mi lórí. Mo rò pé inú ló ń bí i.

“Ẹ dùbúlẹ̀,” ó ní. “Ẹ tẹ́ ara yín bí aṣọ.”

Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, mo na ọwọ́ mo na ẹsẹ̀. Ó gbé bàsíà kejì, ó dà á yí mi ká. Ó gbé ẹ̀kẹta. Láfún ọjọ́ márùn-ún tí òjò ti bà jẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òórùn ẹ̀, ẹ bá mi dárò. Mo fẹ̀, mo funfun. Nọ́ọ̀sì ké láti ojú fèrèsé pé ẹni tó ń darí rẹ̀ ti rí i, pé ó ń béèrè kí ni ìyẹn, pé òun sì ti sọ fún un pé bàbá àgbà kan ni.

Dírónù wá dúró gan-an lókè mi. Ikùn rẹ̀ ṣí.

Irọ́ tí mo pa fún gbogbo ìlú wá wọ èmi náà lára. Mo rántí ìbéèrè tí mo bi ọkùnrin yẹn nípàdé, mo sì rí i pé kò dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ohun kan bọ́ jáde níkùn ọkọ̀ náà, páálí kékeré tó rọ̀ mọ́ agboòrùn kékeré, atẹ́gùn gbá a, ó ń gbé e lọ sí ọ̀nà odò. Ibí yìí ni mo ti fò sókè, tí mo ṣí fìlà, tí mo gba gbogbo rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì gún ọ̀rẹ́ mi lábẹ́rẹ́, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wíwú náà kò kọjá orúnkún mọ́. Wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn padà wálé. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni, “Bàtà mi dà?” Mo mú un wá láti ilé adìẹ. Adìẹ ti yé ẹyin kan sínú ti ọ̀tún. Ó gba ẹyin náà, ó sì tún nà mí ní dráàfù.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí irọ́ wà. Ti bàtà kì í ṣe irọ́, ì bá wù mí kó jẹ́ òun. Ti fìlà ni irọ́. Mi ò dé fìlà lọ́jọ́ yẹn, mi ò mú àdá lọ́wọ́, mi ò sì gba nǹkan kan mú. Nígbà tí páálí ń bọ̀ nílẹ̀, abẹ́ igi ọsàn ni mo wà, mo fi akoto bo orí, mo ń ké pe ìyá mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sáré tẹ̀ lé e, òun ló gbá a mú létí odò, òun ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.