Àyè Àgbà Tí Kò Rí Òòrùn

Gbọọrọ ni wọ́n ń pe àbúrò mi obìnrin níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ga o. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín, nítorí èjìká mi ló dé. Ojú ìránṣọ rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Bó bá ti ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, gbọọrọ báyìí ló máa lọ, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kò ní yà síbì kan. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aṣọ ni mò ń lọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan náà. Wọn ò fún èmi ní ìnagijẹ lójú mi. Èyí tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, mo mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́.

Ó ti rẹ̀ mí, kí n má purọ́. Ọdún karùn-ún rèé tí mò ń fa àgbàlagbà bíi tirẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, tí òòrùn ń pẹ́ kó tó yọ, tó sì ń wọ̀ kí a tó ṣíwọ́ iṣẹ́, àbúrò mi á kàn wó bí ògiri tí òjò pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè sun oorun wákàtí mọ́kànlá kó jí, kó ní òun ò tíì sùn. Oúnjẹ gidi ò wù ú, bísikíìtì ló ń wá kiri. Bó bá fẹ́ múra, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á mú ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan lọ́wọ́, á máa wò ó. Ìbọ̀sẹ̀ kẹ̀! Èmi ti wọ kóòtù tán, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń pariwo: "Ṣé ìbọ̀sẹ̀ yẹn ló máa wọ ara rẹ̀ ni?" Á ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Á tún máa wò ó.

Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí òòrùn padà, òun náà á padà. Á máa kọrin bó bá ń fọ abọ́, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà mo ní ọ̀lẹ ni. Kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Àìsàn wo ló ń wo kàlẹ́ńdà kó tó dé?

Yàrá gígùn kan ni ilé iṣẹ́ wa. Fèrèsé ńlá méjì wà ní ìpẹ̀kun kan, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru wà ní ìpẹ̀kun kejì. Tábìlì mẹ́fà wà lápá fèrèsé, mẹ́ta wà nídìí ẹ̀rọ amóoru, èmi àti áyọ́ọ̀nù mi wà láàárín. Àwọn fèrèsé yẹn kì í pa dé dáadáa, atẹ́gùn tútù ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ni ilé. Látìgbà ayé bàbá ọ̀gá wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdí fèrèsé ni. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́ta bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á mú ẹnìkan láti ìdí fèrèsé wá sídìí ẹ̀rọ amóoru. Àyè àgbà là ń pè é. Gílóòbù ló ń tàn níbẹ̀ láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, ṣùgbọ́n ara ń móoru, kò sì sí ẹni tí í rán àgbà pé kó wá gbá òwú nílẹ̀.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àyè kan ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ha! Ọ̀gá wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, mo sì máa ń fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jà. Mo ní wọn ò ní fi ọmọ ìyá mi ṣe ará ẹ̀yìn níṣojú mi. Ní ọjọ́ kẹta ọ̀gá ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, kí etí òun sinmi. Mo jó wọlé lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún yìí ló wá burú jù. Wọ́n gbé kóòtù obìnrin méjìlá fún un kó gé ihò bọ́tìnnì wọn. Apá ọ̀tún ni ihò bọ́tìnnì obìnrin ń wà, ti ọkùnrin ló ń wà lápá òsì. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi gé méjèèjìlá sápá òsì. Ìránṣọ ṣeé tú, ṣùgbọ́n ihò tí a bá ti gé, ó parí náà nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo fẹ́ lọ̀ wọ́n. Ọ̀gá ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Gbọọrọ, mo mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ kí òtútù tó lọ, wàá máa lọ sílé."

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lójú títì. Ó jẹ́ kí n bú u tán. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí ohun tí mò ń bínú sí mọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, a ó wá òmíràn. Ọmọ ìyá mi ńkọ́? Níbo ni mo ti fẹ́ wá òmíràn?

Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, mo tó bí i lọ́mọ. Ó ń bi àbúrò mi ní ìbéèrè, èmi ni mò ń dáhùn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àǹtí sọ̀rọ̀ fúnra wọn." Mo fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí àga. Ó bi í bóyá ó ti ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Àbúrò mi ní rárá, ó kàn rẹ òun ni. Ó bi í ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń lọ. Ó wá béèrè ibi tó ń jókòó sí níbi iṣẹ́. Ẹ̀mí ìgbéraga tún gbé mi. "Àyè àgbà ni! Ìdí ẹ̀rọ amóoru!"

"Ṣé fèrèsé wà níbẹ̀?"

"Fèrèsé kẹ̀? Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń jókòó nídìí fèrèsé."

"Ó ti tó ọdún mélòó tí àǹtí ti wà nídìí ẹ̀rọ amóoru?"

Mo la ẹnu láti dáhùn, mo sì kà á lọ́kàn mi. Ọdún márùn-ún. Mo sọ fún un pé ọdún márùn-ún náà ni mo ti ń pè é ní ọ̀lẹ.

Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá ti dín kù, oorun wọn á dàrú, ara wọn á wúwo, ọkàn wọn á sì rẹ̀wẹ̀sì, àìsàn tòótọ́ ni. Ó ní òkùnkùn la fi ń jáde nílé, òkùnkùn la fi ń padà, abẹ́ gílóòbù ló sì ń wà láàárín méjèèjì, ìgbà wo ló ti fẹ́ rí ojúmọ́? Ó ní kó máa rìn níta bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kódà bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kó sì wá ìdí fèrèsé jókòó sí. Ó kọ ọjọ́ tí yóò padà wá rí dókítà fún un. Ó ní bí èrò pé kó má jí mọ́ yẹn bá tún dé, kó má dá a rò, kó wá lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo èmi tí mo jà fún ọjọ́ mẹ́ta, èmi náà ni mo tún padà lọ síwájú ọ̀gá. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sídìí fèrèsé."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ mi lọ́rùn nítorí àyè yìí?"

Mo ní èmi ni. Ó ní ẹnìkan ò tíì padà sẹ́yìn rí nínú ilé iṣẹ́ yẹn, pé ẹni tó bá padà á máa gbá òwú, á máa ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà bíi tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ò lè ṣe òfin méjì. Ojú tì mí. Àbúrò mi dáhùn kí n tó lanu. Ó ní, "Màá gbálẹ̀, ọ̀gá."

Wọ́n fi í ṣẹ̀sín o. Ẹnìkan ní kó rọra máa padà sẹ́yìn, kó má lọ bá ara rẹ̀ níta. Mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè, àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ó sàn lọ́jọ́ kan. Ìbọ̀wọ́ tí mo gé lẹ́nu ìka ló fi ń ránṣọ, nítorí òtútù fèrèsé. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí a gba ìsinmi, a ó rìn yí àdúgbò ká fún ogún ìṣẹ́jú, èmi tí orúnkún ń dùn! Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jẹ oúnjẹ mi, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n yìn. Àwọn òwúrọ̀ kan ṣì wà tí kò lè dìde kíákíá, ó sì ń rẹ èmi náà.

Àná la ń rìn bẹ́ẹ̀, òòrùn tín-ín-rín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní."

"O mọ kí ni?"

"Pé àyè àgbà yẹn ò gbà mí. Ó dà bíi pé wọ́n gbé ìdérí lé mi lórí. Ó ti ń wù mí kí n padà sídìí fèrèsé látìgbà náà."

Mo dúró. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ti jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jó wọlé. Ẹ sọ fún gbogbo ará àdúgbò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún yín pé mi ò fẹ́ ẹ?"

Ọdún márùn-ún! Mo fẹ́ bú u, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo wá rántí gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi pariwo lé e lórí, ẹni tó lọ jókòó sínú òkùnkùn kí inú mi má baà bàjẹ́. Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀, lójú títì, lójú gbogbo ayé. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní nǹkan wà.

Mo nu ojú mi. "Kí ló tún wà tí o ò sọ fún mi?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní kó máa sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi parí, a ò tíì padà síbi iṣẹ́, mi ò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.