Ife Màmá

“Kí ni ọmọ yìí máa ń fi sẹ́nu níbi iṣẹ́ ẹ?”

Dókítà obìnrin ló bi Ìyá Aláròyé bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ ti lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ títí tí kò sàn. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ikọ́ ló kù tó ń gbẹnu sọ fún un. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún. Síbẹ̀ ó ń jẹun, ó ń sáré kiri. Èyí gan-an ló ń kọ dókítà lóminú.

Iṣẹ́ akàn ni Ìyá Aláròyé ń ṣe létí odò. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó yí ọpọ́n ká, wọ́n á máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ akàn kí wọ́n tó gbé e kaná. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ké, wọ́n á fi eyín fọ́ ẹsẹ̀ akàn kan, wọ́n á tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmọ á dákẹ́ wàì. Wọ́n máa ń ṣàwàdà pé akàn ni alágbàtọ́ tí kì í bínú.

“Ẹsẹ̀ akàn ni,” Ìyá Aláròyé dá dókítà lóhùn. “Tútù. A kì í sè é.”

Wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà wò, ẹyin aràn ni wọ́n bá níbẹ̀. Aràn inú akàn odò ti fi ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣelé. Oògùn ọjọ́ díẹ̀ péré, ikọ́ náà rọlẹ̀.

Ó yẹ kí ara tù ú, àmọ́ ojú ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń rí. Màmá ti ń wúkọ́ tipẹ́, èéfín ló fà á. Nígbà tí wọ́n pe ti ọmọ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, Ìyá Aláròyé ní ara Màmá ni ọmọ ti kó o. Ó ya ife Màmá sọ́tọ̀, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Nígbà tó yá, ó ní, “Màmá, ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ yín obìnrin.” Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Màmá di ẹrù rẹ̀.

Ìyá Aláròyé wá mú ọmọ dání lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kì í ṣe ọwọ́ Màmá ni àìsàn náà ti wá, ọwọ́ òun ni.

Màmá fa Aláròyé mọ́ra, ó gbé etí lé e láyà, ó rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún un. Ọmọ na ife sí i pé kí Màmá náà mu níbẹ̀. Màmá rọra ti ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fa ife ọlọ́dà pupa yọ lábẹ́ àga.

“Tèmi rèé,” ó ní. “Ìyá ẹ ló fún mi.”

Kò ní kí ìyàwó dìde, kò sì ní kó má dìde. Nígbà tí orúnkún ń ro ó, ìyàwó fúnra rẹ̀ dìde, ó gbé gbèsè tó jẹ Màmá padà sílé.