Baba Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣọ́ Nínú Ẹ̀rọ Gàrí

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ gàrí Ìyá Ràfíù, oníbàárà wa, dákẹ́ ní Olúpọ̀nnà, Alhaji ọ̀gá wa kò béèrè ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò lé lọ ló ń wá.

"Ta ló kọ apá ètò tó ń wo ooru?"

"Èmi ni, sà," Sìdíkátù dáhùn.

"Ó dáa. Kí n tó kírun Alásárì, yálà kí o fi àṣìṣe náà hàn mí, tàbí kí o fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sórí tábìlì yìí."

Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí arúgbó tí kò kàwé kọjá píráímárì ṣe dé ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Ìwó kí ayé tó di ayé fóònù. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé mo yọ bátìrì kúrò nínú rédíò ọkùnrin kan ará Kuta, rédíò ń bá ìròyìn lọ. Rédíò náà ń tijú láti dá ọ̀rọ̀ dúró lójú àgbà ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni rédíò. Ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́.

Òkìkí yìí ni Alhaji gbọ́ tó fi pè mí síbi iṣẹ́ rẹ̀, yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá mu tíì níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ni yóò fi ṣe ṣúgà. Mo ju Alhaji lọ lọ́jọ́ orí, ìyẹn ni mo fi ń pè é ní "ó" níhìn-ín. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni o, torí òun ló ń san owó oṣù.

Àpótí kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ni a ń ṣe: ẹ̀rọ tó ń yan gàrí, ẹ̀rọ tó ń fa omi. Inú àpótí yẹn ni kọ̀ǹpútà wà, inú kọ̀ǹpútà ni kọ́nẹ́ẹ̀lì wà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì yìí ni olórí agboolé. Gbogbo ètò tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló ń fún wọn láyè, òun ló ń sọ ẹni tó kàn. Àwọn èèyàn ti kọ kọ́nẹ́ẹ̀lì tó dára sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Alhaji ní tòun gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Ìwó pọ́ńbélé. Àwa ará ilé odídẹrẹ́, ẹnu kò wọ́n wa rí. Iṣẹ́ ló wọ́n.

Sìdíkátù ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ ètò. Ó jáde yunifásítì, síbẹ̀ yóò kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Bó bá dìde tán, yóò ní, "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ kọ lánàá yìí, bí ewúrẹ́ bá rìn kọjá lórí kọ̀ǹpútà, tiẹ̀ á dára jù ú lọ." Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ òótọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni ìtọpasẹ̀. Bí ètò kan bá ń ṣe ségesège, a óò fi ètò mìíràn ṣọ́ ọ. Olùṣọ́ yìí lè dá a dúró lójú ọ̀nà, kó tú àpò rẹ̀ wò, kó ní kó gbé ẹsẹ̀ kan péré, kó tún dá a dúró. Ó jọ àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, àfi pé olùṣọ́ tèmi kì í ní kí ẹ "rí sí" òun kí ẹ tó lọ. Kí ẹ sì mọ èyí pẹ̀lú: ètò máa ń bímọ. Èyí tó gbé òmíràn dìde, baba ni. Èyí tó gbé dìde, ọmọ ni.

Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, mo pe Alhaji kó wá wò ó.

"Kí ni mò ń wò yìí, Bàbá?"

"Ọmọ ló ń ṣọ́ baba rẹ̀, Alhaji."

"Ó ń tú àpò baba rẹ̀?"

"Ó tún lè dá baba dúró, kí baba má lè mira."

"Àsítágífúrúlàhì! Nínú kọ́nẹ́ẹ̀lì tèmi? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ṣọ́ baba rẹ̀ níbí."

Sìdíkátù ní, "Sà, ètò ni wọ́n o. Wọn ò ní ìdodo."

"Irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ìwọ náà ni mò ń rò," ni Alhaji fi dá a lóhùn.

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣọ́ baba, kọ́nẹ́ẹ̀lì yóò kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: A KÒ GBÀ. BABA RẸ NI.

Ó dùn mọ́ Alhaji nínú gan-an. Mo ti gbàgbé láti sọ fún yín pé inú àpótí kọ̀ọ̀kan ni ètò kan wà tó kọ́kọ́ ń jí, tó ń gbé gbogbo àwọn yòókù dìde. Orúkọ rẹ̀ ni Baba Ilé. Alhaji fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Ẹ ti rí i báyìí: gbogbo ètò inú àpótí ló jẹ́ ọmọ Baba Ilé, olùṣọ́ tèmi náà sì wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó lè ṣọ́ ètò Alhaji.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ yẹn, èmi àti Sìdíkátù wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Olúpọ̀nnà. Alhaji wọ mọ́tò rẹ̀, ó pa gíláàsì dé. Ìyá Ràfíù ń dúró dè wá láàárín àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán, òórùn kíkan sì ti ń jáde lára wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà," ó ní. "Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, ó kú. Mo bu epo sí i, ó tan. Ẹ̀rọ yín ò jí mọ́. Ṣé ó ń bínú ni?"

Sìdíkátù so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àpótí. Ó fi olùṣọ́ ṣọ́ ètò tirẹ̀, èyí tó ń wo ooru. Kò pẹ́ tó fi ní, "Ẹ wò ó, sà. Kò ṣàìsàn. Ó jókòó, ó ń retí kí Baba Ilé ní kó bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀lẹ ọmọ ló máa ń wí bẹ́ẹ̀," Alhaji ní.

"Ẹ jẹ́ ká wo Baba Ilé náà nígbà náà, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn jáde: A KÒ GBÀ. BABA RẸ NI.

Ìyá Ràfíù na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹlẹ́hàá ni baba ọ̀hún ni, tá ò gbọdọ̀ rí ojú ẹ̀?"

Mo fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Alhaji wo aago, ó ní Alásárì kò jìnnà mọ́, kí Sìdíkátù máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ máa ń mú bí abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí báàgì. 

Ni mo bá ní, "Alhaji, ẹ ò tíì kírun Àìlà. Mọ́ṣáláṣí wà níwájú yẹn. Àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀."

Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí èèyàn bá pọ̀ lẹ́yìn Alhaji, ìforíkanlẹ̀ rẹ̀ máa ń gùn.

Bó ṣe yí ẹ̀yìn, mo ní, "Sìdí, gbé kọ́nẹ́ẹ̀lì wá. Mo mọ ibi tí mo sin òkú yẹn sí."

"Bàbá, wọ́n á lé àwa méjèèjì o."

"Kí wọ́n lé mi. Màá padà sídìí rédíò tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà."

Mo pa òfin tí mo kọ fún Alhaji rẹ́, èyí tó ní ọmọ kò gbọdọ̀ ṣọ́ baba. A gbé kọ́nẹ́ẹ̀lì tuntun sínú àpótí, a pa á, a tún tan án. Ẹ̀rọ dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ láàárọ̀. Alhaji padà dé pẹ̀lú ilẹ̀pa níwájú orí, ó bá olùṣọ́ lẹ́nu iṣẹ́: ọmọ dá Baba Ilé dúró, ó ń tú àpò rẹ̀ níṣojú Ìyá Ràfíù.

"Ta ló ní kí ẹ...?"

"Ẹ jẹ́ ká rí i ná!" Ìyá Ràfíù pa á lẹ́nu mọ́. "Ẹ̀gẹ́ mi ló ń kan."

Sìdíkátù ń kà á sókè bó ṣe ń jáde. "Baba Ilé ní òun ò ní pàṣẹ kankan àfi bí ọmọ bá kọ́kọ́ wá jẹ́ ìpè. Ọmọ sì ní òun ò lè sọ nǹkan kan àfi bí baba bá ní kí òun bẹ̀rẹ̀."

"Èmi àti ìyàwó Ràfíù nìyẹn nígbà tá a bá jà!" Ìyá Ràfíù pàtẹ́wọ́. "Èmi ń dúró kó wá kí mi, òun ń dúró kí n pè é. A máa ń fi ebi sùn!"

Sìdíkátù yíjú sí Alhaji. "Sà, lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá síbí, báwo lẹ ṣe tan án?"

Alhaji fọwọ́ bo àpò agbádá rẹ̀. Gbogbo wa ló mọ bó ṣe tan án. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà nínú àpótí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Bísímílláhì kí wọ́n lè ya fídíò òun. Bọ́tìnì yẹn ló ń bá ọmọ jẹ́ ìpè. Ó ti ti ìdérí rẹ̀ pa kí àwọn obìnrin má baà fọwọ́ kàn án, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, tó sì tún tan, Baba Ilé á jí, kò ní rí ẹni tó máa jẹ́ ìpè.

Alhaji wúkọ́. "Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Mo fi í síbẹ̀ láti fi dán yín wò ni."

"Ìdánwò ńlá ni, Alhaji," mo ní. "Ẹ̀gẹ́ nìkan ni kò mọ̀ pé ìdánwò ni."

Sìdíkátù yí ìlà kan padà: baba ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà hó gèè, ó ń yí, ooru sì dé. Alásárì kò tíì pè. Sìdíkátù fa síìpù báàgì rẹ̀ pa, ó rọra ṣe é, síbẹ̀ gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì Alhaji pe ìpàdé. Ó ní òun ti ronú jinlẹ̀: ọmọ lè ṣọ́ baba, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí baba sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Mo ní yóò rí bẹ́ẹ̀. Báyìí, bí ọmọ bá fẹ́ ṣọ́ baba, yóò kọ ọ́ pé, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wò yín." Ìdáhùn á sì jáde: BABA TI GBÀ. Inú Alhaji máa ń dùn tó bá rí i. Ó ń pe àlejò wá wò ó.

Sìdíkátù ka ohun tí mo kọ, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Bàbá, mo wá ibi tí baba ti lè ní òun ò gbà. Mi ò rí i."

"Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀."

"Bí wọ́n bá ka ètò yìí ńkọ́?"

"Alhaji? Ka èyí tó gùn tó báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dára ju ti ewúrẹ́ lọ.