Ọ̀rẹ́ Tó Jókòó Sórí Ìsọ̀ Mi

Mo rántí ìgbà tí mi ò lè gbàdúrà àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ orúkọ ọ̀rẹ́ mi mọ́lẹ̀. Mo kọ orúkọ náà sórí ìwé pélébé kan, mo ká a, mo sì fi í sínú bàtà mi ti ọ̀tún, torí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ọ̀tá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà, opó ni mí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ń ka ìwé tó wà nínú bàtà.

Kí ọkọ mi tó kú, mo ní ìsọ̀ ní Mile 12, ní ìlà àwa onítòmátì, níbi tí ọkọ̀ Òkè Ọya ti ń já ẹrù. Ibi tó dára ni. Iwájú mi ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀rẹ́ mi yìí ń tà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá gọ́tà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dé nítorí ẹrẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwa méjèèjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ń lọ ní Ìkòsí, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ èmi ọlọ́gbọ́n rò pé ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló pa ọkọ mi. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí n ṣe opó fún ogójì ọjọ́, kí n má sì yọjú síta. Ẹni tó bá ń tajà ní Mile 12 mọ̀ pé ìsọ̀ tó bá ṣófo fún ogójì ọjọ́ ti di ti ẹlòmíràn, ni mo bá bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó máa jókòó síbẹ̀ dè mí. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká. Ó ní, "Sister mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ tí mo bá wà láyé." Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, àfi òun.

Nígbà tí mo padà dé nínú aṣọ dúdú, kò dìde. Alhaja tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ onítòmátì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún un pé mo ti kó lọ sílé ọkọ mi lábúlé, pé mi ò padà wá mọ́. Ó tún ti sọ fún àwọn alábàárù pé ẹrù tí opó bá fọwọ́ kàn máa ń tètè bàjẹ́. Alhaja ní, "Ọmọ mi, mo ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ṣé kí n wá lé e ni?" Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń nu tòmátì, kò gbójú sókè.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣa tòmátì tó ti rọ̀ tà lórí àwo lẹ́bàá títì Kétu nìyẹn. Láàárọ̀, nígbà tó yẹ kí n máa tajà gidi, ọwọ́ mi ṣófo, ni mo bá ń lọ sí àdúrà àwọn opó ní agogo mẹ́sàn-án Ọjọ́rú. Mi ò ní purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ló gbé mi lọ. Kí wàhálà yìí tó dé, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìdánrawò akọrin nìkan ni mo mọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń sùn nígbà ìwàásù. Ìbínú ló sọ mí di aládùúrà. Mo há àwọn Sáàmù tí wọ́n fi ń bá ọ̀tá jà sórí, tí mo bá sì kà wọ́n tán, màá fi tèmi kún un: "Olúwa, jẹ́ kí òun náà mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jẹ́ opó." Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbà á. Nígbà tó yá, torí mo ti wà níbẹ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ nǹkan mìíràn: ikọ́ ọmọ mi kékeré, òrùlé tó ń jò, bí ilé ṣe dákẹ́ láìsí ọkọ mi. Mi ò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tòun tèmi ti ń gùn.

Ọjọ́ kan ni wọ́n wá sọ fún mi pé ọkọ ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣọ́ géètì ní Magodo, ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó ti àwo tòmátì mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ bá ìyá àgbà tó ń darí àdúrà àwa opó, mo ní, "Mummy, mo ti pààyàn."

Wọ́n wò mí dáadáa. "Ọkọ tìẹ ńkọ́? Àdúrà ta ló pa á?"

Wọ́n tún ní:

"O ò lágbára yẹn. Àmọ́ ẹ̀rín tó o rín, tìẹ ni. Gbé e lọ bá Ọlọ́run."

Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ pè mí sílé rẹ̀ ní Olówòrà. Orí ẹní ló wà, irun rẹ̀ rí wúruwùru. "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síbẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Àwọn tó kù máa gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ní, "Ìwọ lo kọ́ wọn." Àmọ́ mo lọ jókòó.

Alhaja ò fi ìsọ̀ náà dù mí. Ó ní kí n kúkú jókòó sí i pátápátá, òun máa kọ orúkọ mi padà, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi wí. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún rèé, tí wọ́n gbé e fún mi lórí àwo. Mo fẹ́ ẹ. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣáà sọ pé kí n gbà á. Kò sọ ọ́, mo sì ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ débi tí mo fi mọ ìdí tó fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ọ̀rẹ́ mi dé nínú aṣọ dúdú. Mo dìde. Mo fi gèlè mi nu àga, mo sì pariwo kí gbogbo ìlà lè gbọ́: "Ìsọ̀ ẹ rèé! Ogójì ọjọ́ pé. Èmi kì í jókòó sórí ohun olóhun." Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mo sì lọ. Kò pé oṣù kan tó fi kúrò ní Mile 12, nítorí kò lè fara da bí wọ́n ṣe ń wò ó. Alhaja ránṣẹ́ sí mi, mo sì padà síbi tí mo wà tẹ́lẹ̀.

Lónìí, tí wọ́n bá ní kí n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa bí ìdánwò ṣe ń mú ìgbàgbọ́ lágbára, mo máa ń sọ pé mo dá ìsọ̀ padà, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn rí pé ìkúnlẹ̀ ọ̀rẹ́ mi yẹn dùn mọ́ mi, ó sì ń dùn mọ́ mi títí di òní. Mo ti dárí ìsọ̀ jì í. Ẹkún tó sun sí mi léjìká ni mi ò tíì rí dárí jì í. Ọlọ́run mọ̀, torí mo ń sọ fún un láràárọ̀. Mo lọ yá àdá lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà lọ́hùn-ún, kí n fi ṣá ọ̀tá mi. Kò yá mi, kò sì jẹ́ kí n padà sílé.