Ìyá Tún-un-ṣe Dákú Nínú Yàrá Ìdánwò

Lọ́jọ́ tí Ìyá Tún-un-ṣe dákú nínú yàrá ìdánwò, kò sẹ́ni tó pariwo. Ohun tó fà á ni pé ìdánwò bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ẹni tó dákú ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.

Ìyá yìí ni ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Tún-un-ṣe ni gbogbo ọgbà ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ẹ̀dá alààyè lè ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. O fọwọ́, á ní kó o tún un fọ̀. O tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ká a kúrò, á ní kó o tún un tẹ́. Olùkọ́ kan kí i pé "Ẹ káàárọ̀, mà" lọ́jọ́ kan, ìyá wo aago, ó rí i pé agogo méjìlá ti fi ìṣẹ́jú kan kọjá. Ó ní kí olùkọ́ náà jáde, kó kanlẹ̀kùn, kó wá tún un kí.

Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ọmọlangidi rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Igbákejì ọ̀gá àgbà jókòó sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú ìwé máàkì. Ọkùnrin yìí náà ní ìnagijẹ tirẹ̀. Ó-Dáa ni wọ́n ń pè é, nítorí kò tíì sí ohun tẹ́nì kan sọ fún un rí tí kò dáhùn pé ó dáa. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan wọlé. Ìyá Tún-un-ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ó-Dáa mí kanlẹ̀. Ohun tó sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Ìyá yìí tún ti yí ìdánwò padà láìsọ fún wa." Ó ṣí bírò rẹ̀, ó fa ìwé máàkì mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn rò. Ó fi ọmọlangidi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ìyá, ó fọwọ́ gbá a léjìká. "Mà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó-Dáa fàmì sí i. Ọmọbìnrin náà tẹ́tí sí i nímú, ó gbọ́ pé ó ń mí. Ó-Dáa fàmì sí i. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ má bàa há a lọ́fun. Àmì méjì. Lẹ́yìn náà ó nàka sí igbákejì ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin, sà, ẹ lọ pe dókítà wá!"

Ó wà nínú ìwé máàkì pé kí akẹ́kọ̀ọ́ rán ẹnì kan níṣẹ́. Ó-Dáa fàmì sí i, kò sì kúrò lórí àga.

"Sà, mo ní kẹ́ ẹ lọ pe dókítà."

"Ó dáa," ni Ó-Dáa wí. "Mo ti fún ẹ ní máàkì ibẹ̀."

Ìgbà tó bojú wolẹ̀ ló tó rí i pé bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá. Ó ti bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ó mọ̀ dájú pé kò sí eré tí ìyá lè ṣe débi tí yóò fi jẹ́ kí bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ òun lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ó ju bírò nù, ó sì sáré jáde bí ẹni tí ajá ń lé.

Nígbà tí dókítà fi máa dé láti ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọ̀nà, ìyá ti lajú. Kò béèrè ibi tí òun wà. Kò béèrè ohun tó ṣe òun. Ó ní, "Mélòó lẹ fún un?"

"Méjìdínlógún nínú ogún, mà."

"Ẹ yọ méjì. Kò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún mi kó tó fọwọ́ kàn mí."

"Mà, ẹ ti dákú nígbà yẹn," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí.

"Àìsàn ò ní kéèyàn má mọ̀wàá hù," ni ìyá wí, ó sì tún dákú.

Nígbà tó jí lẹ́ẹ̀kejì, dókítà gbé ẹ̀rọ lé e láyà. Ó gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Mà, ọkàn yín ò lágbára mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ sinmi."

"Ẹ tún un gbọ́."

Dókítà tún un gbọ́. Ìyá ní kó tún un gbọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ, ibì kan náà ló sì ń já sí. Ìyá fi orí gbà fún un. "Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ò yí ọ̀rọ̀ padà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo níṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Kò sì parọ́. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá wò ó bóyá ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣì máa kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí kí wọ́n tì í pa. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún láti ìsàlẹ̀ ikùn. Bó ṣe fẹ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ó dé ìdí bàsíà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́, ó nawọ́ sí táwẹ̀lì.

"Ẹ tún un fọ̀, sà," ni Ìyá Tún-un-ṣe wí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni."

"Mo rí yín. Ẹ gbàgbé àtàǹpàkò."

Àwọn olùkọ́ tò sẹ́yìn, wọ́n tẹjú mọ́ báàgì ọkùnrin yẹn. Ìwé àṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nínú rẹ̀. Ó-Dáa ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu, kó gbé òun mì. Ọkùnrin náà wo ìyá, ìyá wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tún un fọ̀. Ìyá ní ó ku àárín ìka. Ó fọ àárín ìka. Ojú ewé mẹ́fà ló kọ níkẹyìn láti fi yin kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ohun tó sì fi kádìí rẹ̀ ni pé ọwọ́ òun ò tíì mọ́ tó báyìí rí látọjọ́ tí ìyá òun ti bí òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà ti dé etí ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, wọ́n fẹnu kò pé kí ìyá lọ fẹ̀yìn tì, kí igbákejì rẹ̀ sì gorí àga. Akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ní kó kọ lẹ́tà, ọkùnrin kan tó máa ń kọ lẹ́tà bí ẹni ń kan ìṣó. Ó kọ ọ́ tán, ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ta ni yóò mú un lọ?

"Igbákejì, ẹ bá wa fún wọn."

"Ó dáa," ni Ó-Dáa wí. Ìgbà tó dé àárín ọgbà ló tó yé e pé ohun tóun gbà láti ṣe nìyẹn.

Kọ́bọ́ọ̀dù irin méjì ló wà nínú ọ́fíìsì ìyá, àwòrán egungun èèyàn lára ògiri, àti aago tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún yára nítorí ìyá ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó gba lẹ́tà, ó kà á, ojú rẹ̀ ò yí. Ó mú bírò pupa. Nígbà tó dá a padà, ibi mọ́kànlá ló ti tún un ṣe. "Ẹ sọ fún akọ̀wé pé kò lè kọ 'ìfẹ̀yìntì' lókè kó tún wá kọ 'ìfẹ̀hìntì' nísàlẹ̀. Kó mú ọ̀kan."

Akọ̀wé tún un kọ. Lẹ́tà náà padà dé pẹ̀lú ibi mẹ́rin tó pọ́n, àti gbólóhùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́: *Ìpínrọ̀ kejì kò láàánú.*

"Àánú kẹ̀?" ni akọ̀wé pariwo. "Ta ló ń bu àánú sí lẹ́tà ìjọba?"

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ tún un ṣe ni, sà."

Akọ̀wé jókòó. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Nígbà tó yá, inú bí i débi pé ó kọ òtítọ́. Ó ní kò sí ilé ìwòsàn kan téèyàn lè gbé aláìsàn rẹ̀ lọ káàkiri àgbègbè yìí tí kò ní bá nọ́ọ̀sì tí ìyá kọ́ níbẹ̀, tó ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wò ó. Ó ní ìgbìmọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó-Dáa gbé e lọ. Ìyá kà á pẹ́. Ó mú bírò pupa, ó gbé e dání, ó sì dé e padà.

"Lẹ́tà yìí pé," ló wí.

Ó-Dáa ti lẹ́tà náà padà síwájú ìyá. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti fọkàn sí i pé lẹ́tà yẹn ò ní pé láéláé. "Mà, ẹ tún un wò. Àṣìṣe lè wà níbẹ̀."

"Kò sí."

"Ó lè jẹ́ àmì ohùn kan lóhùn-ún..."

"Igbákejì, kò sí. Ó ti tán."

Ọkùnrin náà dúró, ó ń fọwọ́ pa etí tábìlì. Ẹnu rẹ̀ là, gbólóhùn tẹ́nì kan ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sì jáde. "Kò dáa."

Ìyá gbójú sókè. "Kí ni kò dáa?"

"Kẹ́ ẹ lọ, mà. Kò dáa. Mi ò sì mọ iṣẹ́ yìí ṣe."

Ìyá Tún-un-ṣe wò ó bí ẹni tí aláìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde jókòó. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dúró kí n gbọ́ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ sí ohunkóhun," ló wí. "Mo ń gbé iṣẹ́ burúkú síwájú yín, ẹ̀ ń ní ó dáa. Mo ti fẹ́ sọ̀rètí nù." Ó dìde, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ ti yege. Ẹ wá jókòó."

Ó jókòó. Àga náà ga jù fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ dáadáa.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ọkàn yẹn dá ìyá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọ̀nà. Gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló kọ́. Ṣe ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹni tí kèké bá sì mú á lọ fọwọ́ títí ìka rẹ̀ á fi hunjọ. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́, tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ kí ìyá sọ ọ́. Ìyá yẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn wò káàkiri, kò rí ibi tó rún. Nígbà tí kò rí nǹkan kan sọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru.

Ọ̀sán ọ̀sán ni Ó-Dáa máa ń lọ kí i. Lọ́jọ́ kan ó rí i pé ara rẹ̀ ti ń tutù, kò dá sí ọ̀rọ̀ mọ́. Kó ṣáà lè rí nǹkan sọ, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní jẹ́ méjìlélógójì, mà."

"Mẹ́rìnlélógójì ni," ni ìyá wí láti abẹ́ aṣọ. "Èmi ni mo gbà wọ́n wọlé." Ó sì ní kí wọ́n gbé òun jókòó.

Látọjọ́ náà, Ó-Dáa ń mú àṣìṣe lọ bí àwọn mìíràn ṣe ń mú èso lọ. Odindi ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì á jókòó nílé, á kọ àṣìṣe ọjọ́ kejì sórí bébà kó má bàa gbàgbé. Ó pe oògùn ní orúkọ oògùn mìíràn. Ó gbé kíndìnrín lọ síbi tí kò yẹ kó wà. Ìyá á bínú, á jẹun, á tún bínú.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ó ní eegun ara èèyàn jẹ́ igba ó lé mẹ́rin dípò igba ó lé mẹ́fà. Ìyá wò ó títí.

"Àbúrò mi," ló wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Mélòó lo kọ wá lónìí?"

Ó-Dáa wo bébà ọwọ́ rẹ̀. "Márùn-ún, mà."

"Ka ìyókù fún mi. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ni."

Ó kà wọ́n. Ìyá rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi ń há, kò sì tún ọ̀kankan ṣe. Ọjọ́ kejì ìyẹn ló kú, ní ọ̀sán, láàárín oorun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn olùkọ́ kóra jọ sí pálọ̀ ilé rẹ̀. Ẹnì kan sọ ti aago méjìlá, ẹnì kan sọ ti àtàǹpàkò, akọ̀wé àgbà sọ ti ìpínrọ̀ kejì, ẹ̀rín sì gba ilé. Ọmọbìnrin tí ìyá bí yọ láti yàrá, ó fa ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, ó bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń sọ.

"Ìyá yín ni, mà," ni Ó-Dáa wí. "Bí wọ́n ṣe máa ń rí àṣìṣe."

"Màámi?" Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nílé yìí, màámi kì í rí àṣìṣe kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ nù lọ́dún tó kọjá. Àbí ẹ ò rí ọmọ mi yìí? Ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun ló ń dirun fún wọn ní gbogbo Sátidé. Apá kan á dúró bí ìwo, apá kejì á dùbúlẹ̀. Wọ́n á wo jígí, wọ́n á ní, 'Ó rẹwà, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.' Wọ́n á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Akọ̀wé àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì dé e padà. Ó-Dáa nìkan ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà mọ́ ọn lẹ́nu kó tó mọ̀, ló bá dìde lọ dúró síbi tí kò sẹ́ni tó máa rí ojú rẹ̀.

Ọmọ náà tẹ̀ lé e, ó mú ìyarun àti àpótí ìjókòó kékeré dání. "Ṣé kí n bá yín dirun, sà?"

Ó-Dáa fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Orí mi ti pá, ọmọ mi. Kò sírun níbẹ̀."

Ọmọ náà yí i ká, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. "Díẹ̀ wà lẹ́bàá etí," ló wí.

Ó jókòó. Ọmọ náà ya irun náà, ó tu ú, ó mú un, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún un mú, ó sì fi ríbọ́nnì òféfèé kan so ó. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó gbé jígí wá, Ó-Dáa rí ìdì irun kan tó dúró ṣánṣán lókè etí òsì rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ó kí àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà lọ sílé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo etí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ ni.