Mẹ́jọ Mẹ́jọ Ni Nọ́ọ̀sì Wí

Bí ẹ bá dé iléeṣẹ́ bisikíìtì kan báyìí ní Ọ̀tà tí ẹ béèrè Dúrótoyè Ọláníyan, ẹ lè dúró pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Ó-yé-mi, kíá ni wọn ó nàka sí ọkùnrin kúkúrú kan tó jókòó sórí fọ́kílíìfù, tó ń gbé páálí bisikíìtì káàkiri. Ẹ kò ní tíì sọ̀rọ̀ débi tó dùn kó tó mi orí, kó ní, "Ó yé mi." Ìgbà mìíràn, ó yé e lóòótọ́. Ìgbà mìíràn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Sángò pẹ̀lú àpò aṣọ kan. Ó béèrè ọ̀nà àdúgbò Jojú lọ́wọ́ àwọn tó wà ní gáréèjì. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣé ohùn Ìkìrun tó ń fi sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n tì í sínú ọkọ̀ tó gbé e dé Alápòtì níbi tó jìnnà réré, ẹsẹ̀ ló sì fi rin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà padà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé òun kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Dúrótoyè ní àwọn àgbà yẹn ò dé Sángò rí.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún ọdún tó ti ń fi orí mímì jẹun ní ìlú yìí kí eyín tó dá a dúró. Èyí tó wà ní ìkángun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni. Ó dùbúlẹ̀ sínú erìgì, ó ń ti eyín tó wà níwájú rẹ̀. Dókítà eléyín ní eyín ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é, àti pé àfi kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ gbọ́, wọ́n ní ó mà ṣe o, wọ́n fẹ́ yọ ìwọ̀nba ọgbọ́n tó ṣẹ́ kù lára Ó-yé-mi.

Ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n yọ ọ́. Wọ́n la erìgì, wọ́n fọ́ eyín náà sí méjì, wọ́n rán ojú rẹ̀, wọ́n sì fi òwú dí i pé kó fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú tipiri, kò mọ̀ bóyá ẹnu òun ló wà lára òun tàbí ti ẹlòmíràn. Nígbà tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnnúmi ń ṣàlàyé fún un, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Oògùn àkọ́kọ́ kò ní wàhálà, ìlò rẹ̀ wà lára páálí rẹ̀. Èkejì, àwọn oníhóró pupa tó wà lójú ike, tí wọ́n kó sínú àpò bébà kékeré, ni ti ìrora àti wíwú. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ gbé èyí tó pọ̀ mì nínú rẹ̀. Ohun tó dé etí Dúrótoyè ni "mẹ́jọ mẹ́jọ, lẹ́yìn oúnjẹ." Obìnrin náà tún na ìka mẹ́ta sókè.

"Ṣé ó yé yín, sà?"

Òwú kún ẹnu ọkùnrin náà. Orí ló ráyè mì.

Wọ́n tún fún un ní omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi pé kó máa gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa dì í mú nínú ọkọ̀, ó jù ú sínú láílọ́ọ̀nù oògùn. Kó tó dé ilé ní Jojú, ó ti yọ́, ó ti rin àpò bébà náà gbindin, gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì fi báírò kọ sí i ti di àdàlù. Ohun kan ṣoṣo tó ṣeé kà ni 8.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Tamílọ́rẹ, báwo ni wọ́n ní kí ẹ lo èyí?"

Ó nàka sí 8 náà. Ó tún ṣe "ẹjọ ẹjọ" gba inú òwú.

"Aago mẹ́jọ nìyẹn," ni Kíkẹ́lọmọ wí. "Mẹ́jọ àárọ̀, mẹ́jọ alẹ́." Dúrótoyè mi orí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Ó lo ẹyọ kan ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó lo ẹyọ kan ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe ní yunifásítì kan ní Ìyànà Ìyẹsí, ọ̀gá wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dání títí wọn ó fi ṣíwọ́.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ìrora padà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ eyín, ó gba abẹ́ etí, ó lọ jókòó sí ìpàkọ́. Dúrótoyè wo dígí, ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ yọ gọnbu bíi ti ẹni tó gbé òkèlè ẹ̀bà sẹ́nu tí kò gbé e mì. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ṣé oògùn ayédèrú ni wọ́n fún òun ni? Ṣé eérún eyín ló kù sínú erìgì? Ní mẹ́jọ àárọ̀, ara tù ú. Kí ló dé tí kò fi tù ú mọ́? Ó gbé oògùn náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó tún wo 8. Ó ro ìka mẹ́ta tí obìnrin yẹn nà. Bó bá jẹ́ àárọ̀ àti alẹ́ ni, ìka méjì ló yẹ kó nà. Kí wá ni ẹ̀kẹta?

Láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni àlàyé ti wá bá a níbi tó jókòó sí nílé. Bí wọ́n bá ń to páálí fún un láti gbé, ohun tí ọ̀gá àwọn atopáálí máa ń pariwo ni "mẹ́jọ mẹ́jọ!" Páálí mẹ́jọ ní ìpele kan, ìpele mẹ́ta, ó pé mẹ́rìnlélógún, ó tó gbé. Dúrótoyè ka ojú ibi tí oògùn wà àti ojú ibi tó ti yọ ọ́ kúrò. Mẹ́rìnlélógún géérégé! Mẹ́jọ mẹ́jọ, ìka mẹ́ta, ìpele mẹ́ta. Abájọ tí ìrora ò lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lòun ń lò níbi tí wọ́n ti ní kí òun lo mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ó mu àkàmù, nítorí wọ́n ní lẹ́yìn oúnjẹ. Ó tẹ hóró mẹ́jọ jáde sínú àwo pẹlẹbẹ kan. Ó gbé àkọ́kọ́, ó ya ẹnu, ẹnu kọ̀. Kò ṣí ju kí ìka kan wọlé lọ. Ó ti hóró náà gba ẹ̀gbẹ́, ó fi omi lé e, ọ̀fun dùn ún, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí èyí máa fi lọ sísàlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wo méje tó kù. Kì í ṣe pé ó ṣiyèméjì. Ó kàn ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé méje náà lè dúró díẹ̀ ni. Ó pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì ọsibítù.

Ayọ̀kúnnúmi ló gbé e. Dúrótoyè fi ẹnu wíwú sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní, "Oògùn pupa yẹn, ṣé mẹ́jọ mẹ́jọ lẹ wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mẹ́jọ mẹ́jọ."

"Ó yé mi."

Ó pa fóònù. Ó mú hóró kejì, ó gbé e dé ètè. Bó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ń ṣí bíi ti gbogbo ayé ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Ibi tó ti ń sinmi kó tó tún ti èyí náà wọlé ni ohùn obìnrin yẹn ti padà sí i létí. Ohùn náà fúyẹ́ jù. Ẹni tó ń sọ fún alẹ́nu wíwú pé kó gbé mẹ́jọ mì lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó ṣe é ní pẹ̀lẹ́. Kò ṣe é ní pẹ̀lẹ́.

Ó gbé hóró náà sílẹ̀. Ó mú fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún mú un. Ojú ń tì í, ó tì í gan-an, bí ẹni pé gbogbo gáréèjì Sángò ló pé jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá ó pè é.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi."

"Ẹ ní kí ni, sà? Ẹ tún un sọ."

"Kò yé mi."

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ẹ tún un sọ, sà."

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè kí ọ̀rọ̀ lè ráyè jáde. "Mo ní kò yé mi. Mẹ́jọ kí ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, "Wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni, sà. Ẹyọ kan. Kí wákàtí mẹ́jọ kọjá kí ẹ tó lo ẹyọ kan mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹyọ mélòó lẹ ti lò?"

"Ọ̀kan lálẹ́ àná. Ọ̀kan láàárọ̀. Ọ̀kan báyìí. Méje ṣì wà níwájú mi."

"Méje kí ni?"

Ó sọ fún un. Ohùn nọ́ọ̀sì wálẹ̀. "Bàbá, bí ẹ bá gbé gbogbo ìyẹn mì, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú ikùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn kúrò níwájú yín. Aago kan ti lù báyìí. Ẹ má fọwọ́ kan òmíràn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́." Ó ní wíwú náà kì í ṣe àjèjì, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń wú jù, pé kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ ṣan ẹnu jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, kó máa bọ̀ lọ́gán. Ó wá ní kó sọ gbogbo rẹ̀ padà fún òun. Dúrótoyè sọ ọ́ padà, ó ṣì í ní ibì kan, obìnrin náà tún un ṣe fún un.

Bí ó ṣe ju fóònù sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí ka hóró náà, ó kà á tán, ó tún un kà. Kò lè dìde lọ kó hóró náà pa mọ́. Níbẹ̀ ni Kíkẹ́lọmọ bá a nígbà tó dé ní aago márùn-ún, òun àti àwo tó wà níwájú rẹ̀.

"Kí ni gbogbo èyí?"

Ó rọra sọ ọ́ fún un, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Kíkẹ́lọmọ kò pariwo, kò sì bínú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká, ó ń wo hóró méje náà.

"Ayé ni wọn ì bá ní ó ṣe é," ni ó wí. "Wọn ì bá ní àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ni. Wọn ì bá ní èmi ni." Ó gbójú sókè wò ó. "Bàbá Tamílọ́rẹ, ká ní mo dé tí mo bá yín nílẹ̀ níbí, ta ni n bá bi pé kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dúrótoyè fa àpò bébà yẹn jáde, ó ní kó bá òun kọ "wákàtí" síwájú 8 náà.