Poro Tí Wọn Ò Gbin Nǹkan Kan Sí

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í rí ilẹ̀ kí wọ́n má fi bàtà ha á wò. Láti ìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ epo sì ti dá wọn dúró, basement wa, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Forest Lawn ni wọ́n ń gbé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń gbọ́: "Ìyàwó, ilẹ̀ yìí á gba iṣu." Iṣu kẹ̀, ní Calgary ní Canada, nínú snow!

Ọkọ mi ní kí n mú wọn jáde, kí ara wọn lè fúyẹ́. Mo wa mọ́tò lọ sí ọgbà àwọn ará Japan ní Lethbridge. Níbì kan, wọ́n fi réèkì fa ìlà gbọọrọ sára òkúta wẹ́wẹ́, káwọn èèyàn lè jókòó wò ó jẹ́ẹ́.

Bùọ̀dá figbe ta: "Wọ́n la poro, wọn ò gbin nǹkan kan! Ìwà ọ̀lẹ!"

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀ṣọ́ ni."

"Ọ̀ṣọ́ bí ti báwo?"

Bùọ̀dá ti ń gbé bàtà sókè láti fi ha á. Mo yáa fà wọ́n wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀.

Àwòrán àwọn ará Japan tó kọ́kọ́ ṣí wá sí Canada wà lára ògiri, tọkọtaya, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko. Bùọ̀dá sún mọ́ ògiri.

"Bàbá mi ní kí n kàwé, kí ẹ̀yìn mi má baà tẹ̀ báyìí."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kí àwòrán bí ẹni kí àgbẹ̀: "Ẹ kú oko o! Àrokòbọ́dúndé o!" Wọ́n wá dúró, wọ́n ń retí ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Ṣùgbọ́n ta ló kù níbẹ̀ tí yóò dá wọn lóhùn?

Mo ní, "Àṣẹ o."